Ọ̀wọ̀, Ọwọ̀ àti Obìnrin Inú Tẹlifíṣọ̀n

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Beyerunka. Alihamudu, ara mi le ní Pekíǹ níbí, bí òtútù ilẹ̀ Ṣáínà tilẹ̀ ń gé ni létí bí abẹ.

Ẹ ní bí mo bá dé lẹ́yìn ààwẹ̀, èmi ni n óò dìde kí ẹbí lójú Ìyá Àgbà. Àyà mi já! Ẹ rántí ìgbà tí mo ti Lọ́ńdọ̀n dé, níbi tí mo ti kàwé láti kékeré. Mo fẹ́ sọ pé mo mú ọ̀wọ̀ wá fún Ìyá Àgbà, àfi bí ohùn ṣe yẹ̀, ó di ọwọ̀. Ni Àǹtí Sìfáwù bá ki ìgbálẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí ọmọ òyìnbó gbálẹ̀ dé Ọjà'ba. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ nílé, Bùrọ̀dá Múfú sì ń túmọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí obìnrin tó ń ka ìròyìn bá ti lanu, kẹ́kẹ́ á pa. Èdè wọn náà, ohùn ló gbé e ró bíi tiwa, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì ń wò kọ́ ọ. Bàbá tó ń se oúnjẹ fún wa, ará oko ni. Á jókòó síwájú, á máa sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ní ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún òun gbọ́ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi ti obìnrin náà, ó bi òun bóyá ìjọba ti fi òun joyè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Rírà àti títà, ohùn nìkan ló yà wọ́n lédè wọn. Ó ní àwọn àgbẹ̀ kan ta ẹṣin, bẹ́ẹ̀ rírà ni wọ́n rà á. Mo ń retí ẹ̀rín. Ó mí, ó tún un sọ, ó ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bàbá alásè ní ẹnu tó bá dákẹ́ nìkan ni kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Màámi, mo dúpẹ́ pé Yorùbá lẹ ń kọ sí mi ṣáá, tàmì-tàmì ohùn, ẹ ò jẹ́ kó sú yín. Ẹ sọ fún Bùrọ̀dá Múfú kó sinmi. Èmi fúnra mi ni n óò sọ̀rọ̀. Kí Àǹtí gbé ìgbálẹ̀ sítòsí. Bí ohùn bá yẹ̀, n óò gbálẹ̀, n óò sì tún un sọ.

Ọlọ́run á dá Ìyá Àgbà sí dè mí, á fi ayọ̀ so wá pọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé ọ̀wọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ o, kì í ṣe ọwọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì