Ẹ̀rọ Tí Mo Gbé Kọ́ Sójú Fèrèsé

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àfaradà ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Délé àti ìyàwó wọn. Ìsẹ́yìn ò jìnnà, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn yín, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Awoyaya tí mò ń gbé l'Ékòó níbí gbẹ báyìí. Tírélà tó ń lọ sí èbúté ń da eruku bò wá, Bùnmi àbúrò mi tí ẹ fà lé mi lọ́wọ́ kò sì yéé wúkọ́. Ẹ sọ lórí fóònù pé kí n dá a padà sílé kí ikọ́ fée má baà pa á sí mi lọ́wọ́. Mo ní rárá, pé èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fáwọn olówó Igbó Ẹfọ̀n, màá wá ohun tó ń fún un lọ́rùn rí.

Mo bá fi ike ìrẹsì, fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ti kú, àti ẹ̀yà kékeré kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ rí eruku, kọ́ ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà sọ bí èérí inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Mo gbé e kọ́ sójú fèrèsé níta. Láàárọ̀, tí Ìyá Ṣàkírátù tó wà lẹ́yìnkùlé wa bá ti dáná ẹja yíyan, nọ́ńbà á fò sókè. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ọ́ nípàdé ayálégbé pé Ìyá Ṣàkírátù ló fẹ́ pa àbúrò mi. Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kó ààrò wọn kúrò, níbi tí ìyá wọn ti ń yan ẹja kí ilé yìí tó wà.

Ààrò kúrò, ikọ́ ò kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù, ó sì yẹ kí n ti rí ìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń kọ́ ẹ̀rọ kejì, mo bá gbé àkọ́kọ́ wọlé láti wò ó ṣe. Mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí eruku, mo sì ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé mọ́ wáyà lẹ́bàá ibùsùn Bùnmi, bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kí n tó dé wáyà kẹta, èéfín òjé ti gba yàrá, nọ́ńbà ti kọjá ibi tí ẹja yíyan gbé e dé rí. Bùnmi ń wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Èmi ni, Màámi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo ti gbé tábìlì iṣẹ́ mi síta, Bùnmi sì ti ń sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ bẹ Ìyá Ṣàkírátù. Wọ́n ní níwájú gbogbo ilé ni mo ti ba àwọn lórúkọ jẹ́, kí n má wá bẹ àwọn ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, kí gbogbo èèyàn lè kà á.

Bùnmi ní òun ò lọ síbì kankan. Èmi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lẹ́nu láti dá a dúró. Ẹ wá, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ bó ṣe ń mí. Tí ẹ bá ní kó máa bá yín lọ, èmi ni màá gbé ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ yín máa mí fàlàlà. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣẹ́gun