Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Bá Ọ Wádìí Ìdílé Rẹ̀

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Monínúọlá, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó. Ṣé ara le, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi nílé kò ní sùn lọ́dọ̀ tìrẹ náà, ojú kò ní tì ọ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ti ń ṣe. Olúyẹ́misí, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí wa, ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìdílé kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù, ẹni tó ń gbọ́ lójú ọ̀nà pọ̀.

O ní o fẹ́ sin ẹlẹ́dẹ̀ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ lẹ́yìn ilé, pé o kò sìn ín rí, kí n bá ọ yan èyí tó dára nínú funfun ti òkè òkun àti dúdú ìbílẹ̀ wa. Ọmọ mi, ẹni tó yẹ lo rán. Nínú gbogbo ìgbéyàwó tí mo ṣe alárinà rẹ̀ nílùú yìí, kò sí èyí tó tú, àfi ti Ìyábọ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi ni. Bí mo ṣe ń wádìí ìdílé ìyàwó náà ni mo ṣe wádìí ti ẹlẹ́dẹ̀.

Funfun ni mo kọ́kọ́ lọ wò, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Success, lẹ́yìn Òkè-Ìlá l'Ádó. Ó ga, ó sanra, ó mọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Mo ní ta ni ìyá rẹ̀, Success ní òun kò mọ̀, ṣe ni òun rà á. Mo ní ṣé kò sí àrùn nínú ìdílé, ó ní dókítà ń gún un lábẹ́rẹ́ déédéé, bẹ́ẹ̀ ara tó yá kì í bá dókítà ṣọ̀rẹ́. Oòrùn sì ń bó o lára, fáànù ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, èmi tí mo bí ọ sì rèé, abẹ̀bẹ̀ ni mò ń lò.

Ìgbà náà ni mo rí yẹtí kan létí rẹ̀, nọ́ńbà wà lára yẹtí náà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí rẹ̀ ni, bó bá sọnù. Mo fọgbọ́n kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, mo délé, mo pè é. Obìnrin kan ló gbé e, òyìnbó ló ń sọ. Mo kí i, mo ní nítorí ọmọ yín tó wà l'Ádó ni mo ṣe pè, ọ̀rọ̀ rere ni. Kò kí mi padà, ohun kan náà ló ń tún sọ. Olúyẹ́misí bá mi gbọ́ ọ, ó ní obìnrin náà ní kò sí nọ́ńbà tó jọ bẹ́ẹ̀. Olúyẹ́misí wá ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ẹbí tó sẹ́ ọmọ wọn lójú alárinà, ṣé ibẹ̀ la ó ti fẹ́yàwó?

Dúdú ti Bàbá Akínlẹ́yẹ ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni mo mú fún ọ. Abo ni, ó ti lóyún. Mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ ìyá ìyá rẹ̀, ìran wọn ló wú iṣu wa jẹ lọ́dún tí mo bí ọ. N kò ní tàn ọ́, ó kéré, ẹnu rẹ̀ gùn, kò sì tètè dàgbà. Ṣùgbọ́n èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, màngòrò tó jábọ́, kò sí èyí tí kì í jẹ, nígbà tí àìsàn sì kó ẹlẹ́dẹ̀ àdúgbò yìí lọ, ìdílé tirẹ̀ ló kù.

Nǹkan mìíràn tún wà. Success ní bí o bá ra funfun, o kò ní láti yọjú rárá, òun á máa bá ọ tọ́jú rẹ̀ l'Ádó, o ó máa rí i lórí fóònù. Mo ní ẹ ṣé. Èmi náà, orí fóònù lo ti ń rí mi láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ. Mo máa ń wẹ̀ kí o tó pè, mo máa ń fín lọ́fínńdà sára, Olúyẹ́misí ní òórùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́.

Nítorí náà, dúdú ni. Bàbá Akínlẹ́yẹ ti gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fa okùn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ àfi ìwọ. Èmi ni mo ní kó wí bẹ́ẹ̀. Bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà á yẹ̀bá.

Mo fẹ́ tọrọ owó o. Kò pọ̀, owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ìyìn ni. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì mi, èmi kò ní ibi tí mò ń lọ. Dírẹ́bà ni kí o kó o fún.

Ẹsẹ̀ rẹ á jẹ́ ẹsẹ̀ ire, ọ̀nà kò ní nà ọ́, o ó bá mi láyé.

Èmi ni ìyá rẹ, mo wà ní ulé.