Omi Nìkan Ni Mo Sọ

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, Ìpọ̀nrí

Omi yẹn ṣì ń ṣàn lójú mi. Nínú ìsìn àárọ̀, mo rí Bàbá Alága ìjọ wa lójú ìran. Wọ́n dúró nínú odò tó mọ́ gaara. Ìyàwó wọn tí wọ́n lé jáde nílé wà lẹ́yìn wọn, ó ń sunkún, ó di ẹ̀wù wọn mú. Mo gbọ́ ohùn náà kedere: "Sọ fún un kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀."

Mo lanu. Bàbá Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Mo rí yín nínú omi tó mọ́, sà."

Ìjọ hó yèè. Ìyá Ìjọ, tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, dì mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi, Olúwa. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Bísí tó ń kọ ìran sílẹ̀ ka tèmi sí mi létí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Ṣé ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí síbẹ̀, mà."

Mo ti fọ sùtánà mi, ó ń fì lórí okùn níta. Bí mo bá dijú, odò náà ṣì wà, obìnrin náà ṣì ń sunkún. Ṣùgbọ́n Bàbá Alága ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù mi ló dì mú.