Iye Kálórì Tí Wọ́n Kọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Iyán

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ iyán yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ṣúgà ọkọ mi ga, ilé oúnjẹ kan ní Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì níbí, ni mo ti ń ra iyán rẹ̀, torí wọ́n kọ iye kálórì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ṣúgà kò wálẹ̀.

Lónìí mo yọjú sí ilé ìdáná wọn. Ọwọ́ lásán ni Ìyá Bọ́sẹ̀, alásè wọn, fi ń bu iyán! Mo ní, "Ṣé bó ṣe wà nínú ìwé yín nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kékeré ni èyí tí wọ́n wọ̀n kọ sínú ìwé, màmá. Tí n bá ti gbọ́ pé ti Bàbá ni, mo máa ń bù kún un. Ṣé iyán kékeré ni màá gbé síwájú àgbà?"

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe é.

Nígbà tí mo délé, mo gé iyán náà sí méjì, mo sì gbé ìdajì síwájú ọkọ mi. Ọkọ mi ní, "Ṣé ìwé wọn ló ní kí o gé e?"

"Ìwé wọn kò mọ̀ pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun kí i, kí n má sì sọ fún un pé òun ò jẹ ẹ́ tán.