Omi Gbígbóná Lórí Àtàǹpàkò Màámi

Màámi,

Àná ni dókítà yọ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín, ó sì ní ẹ má tú báńdéèjì. Láàárọ̀ yìí ẹ tú u, ẹ ń fi omi gbígbóná jó o bí ìwọ́ ọmọ tuntun. Mo nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ kíṣìnì títí ó fi rẹ̀ mí. Ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ẹ fi aṣọ funfun orí tábìlì yìí tẹ ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣí i wò. Tí kò bá dá, ẹ pè mí.

Ẹ má wá kẹ́tùlù kiri. Mo ti gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Tinúadé