Kòkó Orí Àjà

Agbo Ilé Awóníyì,
Ìrémọ,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
28 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Mojíre, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìbàdàn? Ẹniolúwa ńkọ́, ṣé ikọ́ ọ̀hún ti fi í sílẹ̀? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mi ò lè pè ọ́ lórí fóònù, torí Ọláwọlé ọkọ mi kì í kúrò nítòsí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́.

O rántí bó ṣe ń fọ́nnu lọ́jọ́ Àjíǹde pé kòkó bàbá òun yóò so lọ́dún yìí bí kò ṣe so rí. Ó so lóòótọ́. Gbogbo igi tó rẹ́ ẹ̀ka wọn ló so, a kó kòkó títí ọwọ́ ń ro wá. Àfi bí òjò ṣe kọ̀ tí kò dá. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í bu lórí ẹní, ọkọ mi ní ká kó o sórí àjà ilé ìdáná, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe àgbàdo, ká sì dáná sábẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ, ó ń dún wọrọwọrọ. Inú wa dùn bí òmùgọ̀.

Ẹni tó ń rà á ránṣẹ́ sókè òkun dé, ó la ẹyọ kan, ó gbé e símú, ó sì rọra dá a padà sínú àpò. Ó ní ẹ̀fín ti wọ̀ ọ́, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ò ní gbà á. Inú pálọ̀ la to àwọn àpò náà sí títí di òní. Ó ní bó bá jẹ́ pé díẹ̀ la kó ni, ì bá ti gbẹ nínú ìwọ̀nba oòrùn tó ń yọjú. Ṣé o rí i, pípọ̀ tó pọ̀ náà ló pa wá.

Ọkọ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ì bá sàn kó jà. Ó kàn ń sọ pé, "Igi tó ń so tí ọjà ò gbà, igi ìdáná ni." Ó ti bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ agégi sọ̀rọ̀, ọjọ́ Jimọ̀ ni yóò dé. Ẹni tó fẹ́ ra oko náà, kó kọ́lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀, ti ń wọn ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, kò gbọ́. Oko yẹn nìkan la ní, Mojíre. Ẹ̀rù ń bà mí.

Wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Ìwọ lo ṣe alárinà wa, o sì ti yẹ̀ba tó. Jọ̀wọ́, padà wá kó tó di Jimọ̀. Ìwọ nìkan ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Sọ fún un pé igi ò ṣẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí Màmá àti bàbá Ẹniolúwa. Bí o bá wọlé tí o gbóòórùn ẹ̀fín nínú pálọ̀, má bèèrè ohun tó jóná.

Èmi ni, ẹni tí o fà lé ọkọ lọ́wọ́,
Ìyábọ̀dé