Kàlẹ́ńdà Ilé Akú-má-ṣàìsàn

Ọjọ́ Àìkú, 2 Nọ̀fẹ́ńbà 2025

Kí n kọ́kọ́ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síbí, kí ó lè rọ̀ mí lẹ́nu lọ́tùnla. Àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀: èyí tó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ba ọkàn jẹ́, tó sì ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara jẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ro ni. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ó lè jẹ́ ikú òjijì.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí gírámà níbẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ni Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ — Wàhábì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tó ń tẹ̀wé ní Bajulaiye. Mo lọ kí i lónìí. Kàlẹ́ńdà ìdílé wa ti ọdún tó ń bọ̀ ló ń ṣe. Àwòrán ọkùnrin mẹ́rin wà lókè: Bàbá Àgbà, Bàbá wa, àti àwọn àbúrò Bàbá méjèèjì. Àkọlé: ILÉ AKÚ-MÁ-ṢÀÌSÀN. Bí wọ́n ṣe máa ń kì wá nìyẹn láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọkùnrin wa kì í dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n á kírun àsùbáà, wọ́n á jókòó, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń yangàn bó ṣe ń kà á fún mi. Ọdún méjìlá ni mo ti fi ń tọ́jú ọkàn ọlọ́kàn. Mi ò lè bá a yangàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Mo ka ìtumọ̀ mi. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní ó dùn létí, ṣùgbọ́n ara òun le. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ta ní í tú u?" Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ fi ń da ọ́ọ̀lì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí kò tíì dún gbì. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn wá láti Jámánì. Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sórí òkìtì pépà fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 6 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo gbé ẹ̀rọ lọ. Mo gbé e bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo jẹun lọ́dọ̀ wọn, mo ń fi ojú ka nǹkan. Ó wọ́n iyọ̀ sórí ẹyin kó tó tọ́ ọ wò. Màgí mẹ́ta nínú ìkòkò kékeré. Ẹ̀pà oníyọ̀ nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Sìgá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù — ó rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìjókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú àwo. Ó wà lókè kàlẹ́ńdà.

Ìgbà yẹn ni èrò náà wá. Mo sọ fún un pé ilé tó lórúkọ kì í fi àwòrán sílẹ̀ láìkọ ọdún sí i: ọdún ìbí, ọdún ikú, ọjọ́ orí. Ojú tì í, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ó ní òun máa tú àpótí Bàbá wò. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ó dà bí ẹ̀tàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ kà, kò sẹ́ni tó tún ń bá a jiyàn.

Ọjọ́rú, 12 Nọ̀fẹ́ńbà

Ó pè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kò kí mi. Ó ní, "Mọ́kàndínláàádọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mọ́kànléláàádọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Ọjọ́ orí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kú nìyẹn. Ó ní òun rò pé òun ṣì í kà ni, òun kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà: "Kausarat, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Gbé nǹkan yẹn wá."

172/106; kò yẹ kó tó 140/90. Mo dúró díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n: 168/104.

Mo ṣàlàyé. Bí omi bá ń fi ipá gba inú páìpù lójoojúmọ́, páìpù á le, á sán. Ẹ̀rọ tó ń ti omi náà, ìyẹn ọkàn, á wú, á sì rẹ̀ ẹ́. Ìdílé wà lára ohun tó ń fà á, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀ — a ò lè pààrọ̀ bàbá. Iyọ̀, sìgá, ikùn, ìjókòó, oorun tí kò tó, àtọ̀gbẹ tí ènìyàn ò mọ̀ pé òun ní: ìwọ̀nyẹn ṣeé bá jà. Ó bi mí bóyá ohun tí mò ń sọ ni pé Bàbá ṣàìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kàn sẹ́ni tó wọ̀n wọ́n ni.

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Sìmbíátù gbé agolo ẹ̀pà kúrò níbẹ̀. Mo fi í lé Adéjìmí lọ́wọ́, dókítà ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n mi di aláìsàn mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 Nọ̀fẹ́ńbà

Oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ọkàn dára, kíndìnrín dára, kò ní àtọ̀gbẹ. Mo kọrin dé ilé mi ní Akoka.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Nọ̀fẹ́ńbà

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sétí ọ̀sà ní Bàrígà láràárọ̀, tòun ti ìyàwó. Sìmbíátù ní ó ń kí gbogbo apẹja bí ẹni tó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀. Sìgá ku ẹyọ kan. Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní èyí tó kù ń ti òun lójú.

Ọjọ́rú, 26 Nọ̀fẹ́ńbà

144/88. Ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà rò pé iye owó nǹkan ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Nọ̀fẹ́ńbà

Kàlẹ́ńdà ti jáde. Àkọlé àtijọ́ ti lọ. ILÉ ADÀGBÀ-DARÚGBÓ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì tuntun kò pa ẹnikẹ́ni rí. Abẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan ní ìlà òfìfo tí ènìyàn máa kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n àwòrán ti di mẹ́fà. Ó ti fi obìnrin méjì kún un: ìyá tó bí Bàbá, tó kú lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àti ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tó kú lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ilé tó lórúkọ kì í fi nǹkan sílẹ̀." Àwọn náà sùn, wọn ò jí. Kò sẹ́ni tó kì wọ́n fún un. Èmi tí mò ń ka ìdílé aláìsàn bí ìwé, ọkùnrin nìkan ni mo kà nílé tiwa.

Ó fa àga kan síwájú mi. "Jókòó." Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní aláìsàn kì í sọ̀rọ̀. Ó gbé apá mi lé tábìlì, ó wo aago ní ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. 142/92. Ẹ̀ẹ̀kejì, 140/90. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí.

Sìmbíátù ní kí n kú oríire, mo ti di ọmọ ilé gan-an. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò tó dájọ́. Màá wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, Adéjìmí á sì gbọ́. Inú mi dùn lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, ó ku ọdún mẹ́fà kí n tó ọjọ́ orí tí ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin fi kú láìmọ̀ ọ́n rárá.

Mo lẹ kàlẹ́ńdà náà mọ́ ògiri yàrá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìyí, láìfi gírámà sí i:

Béèrè ọjọ́ orí tí àwọn ará ilé rẹ fi kú, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fẹ̀yìn ti àga, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, má sọ̀rọ̀. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, mú ìwé náà lọ bá dókítà ní ọ̀sẹ̀ yìí.